Òkúta Ìdí Táyà

Háńbíréèkì mọ́tò wa ti kú kí ó tó dé ọwọ́ wa. Ẹni tó tà á fún wa fa ọ̀pá rẹ̀ sókè, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ní, "Èyí kì í ṣe problem. Gbogbo Lagos ló ń fi òkúta wa mọ́tò." Kò parọ́. Ọkọ mi ṣa òkúta kan tó nígun níbi tí wọ́n ti ń wólé ní Ìkòsí, ó gbé e síwájú ìjókòó mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di háńbíréèkì.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro í kọ́. Bí mọ́tò bá dúró lórí òkè, èmi á bọ́ sílẹ̀, màá fi òkúta ti ìdí táyà ẹ̀yìn kó má baà yí padà sẹ́yìn. Bí ọ̀nà bá là, ọkọ mi á gbéra, èmi á gbé òkúta, màá sáré tẹ̀ lé e. Mo ti fi bàtà gogoro sá eré yìí rí, mo ti fi ìró àti gèlè sá a, mo sì ti fi oyún ńlá sá a. Mo máa ń fi ọ̀rá wé òkúta náà kó má baà ba aṣọ mi jẹ́.

Ibi tó burú jù ni géètì kan ní Magodo. Inú ẹ̀sítéètì náà ni ilé-ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà wà, ibẹ̀ náà sì ni ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọ̀nà ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àwọn sẹ̀kiúrítì sì ń dá mọ́tò dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ìlà bá ṣe ń sún ni mò ń sọ̀, ni mò ń gùn, bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Ọ̀kan nínú wọn, bàbá kan tó pá lórí, ló sọ mí ní Ìyá Olókùúta. "Ìyá Olókùúta, ẹ káàárọ̀ o!" Ọkọ mi á rẹ́rìn-ín títí a ó fi dé ṣọ́ọ̀ṣì. Inú mi kì í dùn sí i rárá.

Bẹ́ẹ̀, mo ti kọ́ mọ́tò wíwà ní Kétu, mo sì ti gba láísẹ́ǹsì. Bọ́ọ̀sì ibi iṣẹ́ ọkọ mi ló ń gbé e lọ sí Gbàgádà, nítorí náà, láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, mọ́tò á wà nílé, èmi á máa gun ọ̀kadà lábẹ́ òjò, ìwé àwọn ọmọ á wà nínú ọ̀rá ní àyà mi. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń wá nígbà náà: kí n dá wa mọ́tò wa lọ síbi iṣẹ́. Bí mo bá ti bèèrè, ìdáhùn kan náà ni.

"Mummy, ta ló máa bá ẹ gbé òkúta?"

"Daddy, ẹ jẹ́ ká tún háńbíréèkì ṣe nígbà yẹn."

"Ta ló ń tún háńbíréèkì ṣe ní Lagos?"

Ó gbà kí n wà á lọ́jọ́ Sátidé kan, òun wá jókòó sí àyè mi. Nígbà tí a dé géètì, mo ní kó gbé òkúta. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó bọ́ra sílẹ̀. "Èmi? Lójú ayé?" Sẹ̀kiúrítì ní ká máa lọ, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, mọ́tò sì ń padà sẹ́yìn. Díẹ̀ ló kù kó kọ lu jíìpù tó wà lẹ́yìn wa kí n tó tẹ bíréèkì padà. Ọkọ mi ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan sítíárì mọ́. Inú bí mi gidigidi, torí mọ́tò ló kù díẹ̀ káàtó, kì í ṣe èmi.

Nígbà tí àkókò sẹ́fíìsì tó, ọkọ mi fún mẹkáníìkì wa ní kọ́kọ́rọ́, èmi sì bá mọ́tò dé wọ́kíṣọ́ọ̀bù ní Kétu. Ará Ìsẹ́yìn ni mẹkáníìkì náà. Mo ní kó bá mi tún háńbíréèkì ṣe.

"Mummy, ẹ ṣáà wá òkúta tó dáa."

N kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú mi, ó sì lọ gbé jáàkì.

Ó tú táyà ẹ̀yìn méjèèjì, ó yọ dúrọ́ọ̀mù tó bo bíréèkì wọn, ó ní kí n máa fa ọ̀pá háńbíréèkì nínú mọ́tò. Kébù apá òsì, okùn irin tó so ọ̀pá náà mọ́ bíréèkì ẹ̀yìn, ń lọ, ó ń bọ̀. Ti apá ọ̀tún kò mira. Omíyalé kan tó bá mọ́tò náà kó tó dé ọwọ́ wa ti wọ inú rẹ̀, okùn irin ti dógùn-ún mọ́ rọ́bà tó bò ó. Ó tú u kúrò lára ṣúù bíréèkì, ó tú u lábẹ́ mọ́tò, ó fà á yọ, ó kó o lé mi lọ́wọ́.

"Ẹ mú u lọ sí Owódé Onírin, kẹ́ ẹ fi ṣe sample. Ẹ má gba èyí tó kúrú o. Á máa di táyà mú ni."

Mo gbé kébù kọ́ èjìká bí ẹni tó fẹ́ lọ so ewúrẹ́. Ọkùnrin tó ń ta páàtì mọ́tò tí mo kọ́kọ́ bá níbẹ̀ fa kébù tòkunbọ̀ kan yọ. "Madam, na the same." Mo tẹ́ méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tirẹ̀ fi bí àtẹ́lẹwọ́ kan kúrú.

"This one short."

"You be mechanic?"

"I be teacher. I sabi measure."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó gun orí òkìtì ọjà rẹ̀, ó sì wá èyí tó bá a mu gẹ́lẹ́ jáde.

Mẹkáníìkì wa gba ọ̀nà tí kébù àtijọ́ gbà fi tuntun náà sí i. Ó jẹ́ kó jìnnà sí sálẹ́ńsà tí èéfín ń gbà jáde kí ooru má baà jẹ rọ́bà rẹ̀, ó kọ́ ọ mọ́ ṣúù, ó dá dúrọ́ọ̀mù àti táyà padà, ó wá wọnú mọ́tò lọ fún nọ́ọ̀tì ìdí ọ̀pá le títí tí táyà fi ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ó wa mọ́tò lọ sí orí òkè kan nítòsí, ó ní kí n bọ́ sí ìdí sítíárì.

"Ẹ fà á. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò."

Mo gbé e. Mọ́tò dúró gbọn-in. N kò mọ̀ pé omi ti ń bọ́ lójú mi títí ó fi ní, "Mummy, ṣé nǹkan kan já ni?"

N kò sọ fún ọkọ mi, mo fẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí i. Nígbà tó di Sọ́ńdè, mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà kí n wà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù jíìpù ọjọ́sí kò tíì kúrò lára rẹ̀: kí a tó jáde ní Ìkòsí, ó ti gbé òkúta lé ẹsẹ̀.

Ìlà gùn ní géètì lọ́jọ́ náà. Bí mo ṣe dá mọ́tò dúró tí mo fa háńbíréèkì, ọkọ mi ti bọ́ sílẹ̀ tòun ti agbádá, ó ti fi òkúta tì í. Sẹ̀kiúrítì ní ká máa lọ. Mo tẹná, mo sọ háńbíréèkì kalẹ̀, mọ́tò sì gòkè láìpadà sẹ́yìn rárá. Mo wo dígí: ọkọ mi ń bọ̀ lẹ́yìn, ó fi ọwọ́ kan ká agbádá, ó fi èkejì gbá òkúta mọ́yà, ó ń sáré. Bàbá apárí di géètì mú kí ẹ̀rín má baà gbé e ṣubú. Àánú ọkọ mi ṣe mí díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò dúró títí mo fi kọjá géètì.

Ó wọ mọ́tò, ó ń mí hẹlẹ. Ó wo ọ̀pá tó wà láàárín àwa méjèèjì.

"Ta ló tún un ṣe?"

"Èmi ni, Daddy."

"O ò sì sọ fún mi."

"Ẹ ṣáà ní ta ló ń tún un ṣe ní Lagos."

Nígbà tí a ṣe ìsìn tán tí a délé, mo fẹ́ dá kọ́kọ́rọ́ padà fún un, ṣùgbọ́n ó ní kí n jẹ́ kó wà lọ́wọ́ mi.

Ní Mọ́ńdè, èmi nìkan ni mo wà nínú mọ́tò. Mo dúró ní géètì, mo fa háńbíréèkì, mo gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀. Bàbá apárí tẹ̀ ba, ó wo ìjókòó tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó tún na ọrùn wo ìdí táyà ẹ̀yìn.

"Ẹ káàárọ̀, Mummy. Bàbá Olókùúta ńkọ́?"

Mo ní wọ́n ti lọ síbi iṣẹ́.