Má Gba Inú Ògiri

"Tó o bá délé, gbá òkè. Má gba inú ògiri o."

Ọ̀rọ̀ tí bàbá mi sọ fún mi kẹ́yìn nìyẹn, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Nọ́ọ̀sì wò mí bíi pé ó fẹ́ pe dókítà. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé orí bàbá mi pé.

"Ṣé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ ń gbé ni?"

Mo ronú sí i. "Kò tíì sí," ni mo wí.

Bíríkìlà ni bàbá mi. Ó kọ́ ilé fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Tiwa, yàrá mẹ́ta ni, nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kọnkéré ló fi ṣe òrùlé rẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, torí pé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń bọ̀ lórí rẹ̀. Ó mọ àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlógún sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Àtẹ̀gùn náà lọ tààrà síbi tí kò sí nǹkan kan àfi ojú sánmà.

Lọ́dọọdún, tí ooru ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, bàbá mi á mú tépù àti ṣọ́ọ̀kì, á gòkè, á ya ilé wa ti ọjọ́ iwájú sórí kọnkéré náà. Pálọ̀. Yàrá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilé ìwẹ̀. Fèrèsé, ìlà méjì. Ẹnu ọ̀nà, àlàfo kékeré. Tí oòrùn bá rọlẹ̀, tí inú ilé ìsàlẹ̀ sì gbóná bí ààrò, a ó kó ẹní gòkè, kálukú á lọ jókòó sí yàrá tirẹ̀. Òfin kan ló wà níbẹ̀: ẹnu ọ̀nà la fi ń wọlé. A kì í gba inú ògiri.

Àwọn ará àdúgbò sọ ọ́ ní Lánlọ́ọ̀dù Òkè. Wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Òun máa ń dáhùn.

Ìtàn òkè náà tí gbogbo àdúgbò mọ̀ jù ni ti ọkọ ẹ̀gbọ́n mi. Iṣẹ́ gígẹ irun ló ń ṣe. Ọjọ́ tó fẹ́ wá sọ fún bàbá mi pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ó wọ bàtà tuntun tó ń dún kẹ̀ù-kẹ̀ù. Bàbá mi ní pálọ̀ lòun á ti gbà á lálejò. Pálọ̀ náà ńkọ́? Òkè ni. Ọkùnrin náà gòkè dé, ó rí bàbá mi lórí àga láàárín kọnkéré, ó sì rìn lọ bá a tààrà.

"Dúró!"

Ó dá ẹsẹ̀ kan dúró sáfẹ́fẹ́.

"Níbo lo gbà wọlé?"

Ó wo ẹ̀yìn. Ó wo iwájú. "Ibí yìí ni, sà."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan, sà."

"Ògiri ni! Bùlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án lo fi àyà là kọjá yẹn! Ṣé irú ẹ ni màá fún lọ́mọ? Lọ́jọ́ tí inú bá wá bí ọ ńkọ́, kí lo ò ní wó?"

Ẹ̀gbọ́n mi wà ní yàrá tirẹ̀, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ sí wọn. Ó bú sẹ́kún. Bàbá mi yíjú sí i, ó ní kó dákẹ́, pé ẹni tó wà ní yàrá kò lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ní pálọ̀.

Onígẹrun náà kò jiyàn. Ó sọ̀kalẹ̀ gbogbo àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlógún. Ó tún wọn gùn padà. Ó bọ́ bàtà. Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dé iwájú àlàfo tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì ya, ó gbé ọwọ́ sókè, ó kan afẹ́fẹ́. Ẹnu ló fi pariwo rẹ̀: "Kò, kò, kò."

Bàbá mi gbójú sókè bíi pé kò rí i rí láyé. "Ta ni o?"

Kí ọdún tó parí, wọ́n ti ṣègbéyàwó.

Ẹni kan ṣoṣo tí kò gòkè rí ni ìyá mi. Ọdún àkọ́kọ́ tí bàbá mi ya ilé náà, ó ní kí gbogbo wa wá wò ó. Ìyá mi gun àtẹ̀gùn dé ìdajì, ó na ọrùn, ó wò ó yíká.

"Ilé ìdáná ńkọ́?"

Bàbá mi wolẹ̀. Ó ti ya pálọ̀. Ó ti ya yàrá àlejò. Ó ti ya ibi tí wọ́n ń kó bàtà sí. Odindi bíríkìlà, ó gbàgbé ilé ìdáná.

"Ó ń bọ̀," ni bàbá mi wí.

"Èmi náà ń bọ̀," ni ìyá mi wí. Ó yí padà, ó lọ sísàlẹ̀.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, yàrá àlejò ti di ilé ìdáná. Bàbá mi dúró létí òrùlé, ó ń pariwo sí ìyá mi tó ń fọ aṣọ lágbàlá.

"Ìyá àwọn ọmọ! Ó ti wà o! Ó tóbi ju pálọ̀ lọ!"

"Fèrèsé rẹ̀ kọjú síbo?"

"Ẹ̀yìnkùlé!"

"Títì ni mo fẹ́. Mo fẹ́ máa rí ẹni tó ń kọjá."

"Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mi ò jẹ́ kí fèrèsé ilé ìdáná kọjú sí títì rí! Èéfín á máa lọ bá àwọn èèyàn níta!"

"Wọ́n á mọ̀ pé mo ń dáná."

Bí ìdúnàádúrà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọdún mọ́kànlá ló gbà. Bàbá mi á wà lókè, ìyá mi á wà nísàlẹ̀, kò sì ní gbé orí sókè.

"Mo fi kọ́bọ́ọ̀dù méjì sí i!"

"Fèrèsé."

"Mo fi omi ẹ̀rọ sí i! Gbígbóná àti tútù!"

"Ṣé èyí tó wà nísàlẹ̀ ń yọ?"

Ọ̀sẹ̀ kejì nìyẹn tí omi kò yọ.

"Fèrèsé, bíríkìlà."

Tí ìyá mi bá ti pè é ní bíríkìlà, ọjà ti tú fún ọjọ́ yẹn.

Mo bá bàbá mi sọ̀rọ̀ nígbà kan. Mo ní, ṣọ́ọ̀kì ni, ẹ kúkú ya fèrèsé náà sí títì. Ó wò mí bíi pé mo ní kó fi búrẹ́dì kọ́lé. Lẹ́yìn náà ló wá rọ ohùn sílẹ̀. "Ohun tí mò ń fẹ́ kò pọ̀. Kó sáà wá dúró níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kó sọ fún mi bó bá fẹ̀ tó." Ohun tó fẹ́ nìyẹn. Kò fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó gbìyànjú ọgbọ́n. Ọdún kan, ó jí àpótí tí ìyá mi máa ń jókòó lé tó bá ń dáná, ó gbé e sí ilé ìdáná òkè, pé bó bá wá a títí, á wá gbé e. Ìyá mi kò wá nǹkan kan. Ọjọ́ mẹ́jọ ló fi dáná lóròó. Láti ọjọ́ kẹta, iyọ̀ ń pọ̀ nínú oúnjẹ bàbá mi. Tiwa dùn. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, bàbá mi fúnra rẹ̀ gbé àpótí náà sọ̀kalẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Pẹ̀lú ìtìjú yẹn náà, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde.

Ìtàn tèmi náà wà níbẹ̀. Mo yá tépù bàbá mi lọ síbi ilé kan tí wọ́n ń kọ́, ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ sínú kọnkéré tútù. Ó wà nínú ilé onílé títí di òní. Bàbá mi kò bá mi wí. Ó gòkè, ó fi ẹsẹ̀ pa fèrèsé yàrá mi rẹ́. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n láti ìrọ̀lẹ́ yẹn ni ooru ti bẹ̀rẹ̀ sí mú mi níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà nítòsí mi ní afẹ́fẹ́ ń fẹ́ òun dáadáa. Mo bẹ bàbá mi fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ó dá ìdajì fèrèsé padà.

Òjò àkọ́kọ́ ló máa ń fọ ilé náà dànù. Ọdún tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, bàbá mi sáré bọ́ síta nínú òjò, ó gbé ọwọ́ lé orí: "Ilé mi ti wó o! Gbogbo òkè ti lọ!" Àwọn ará àdúgbò gbé ṣọ́bìrì, wọ́n gbé korobá, wọ́n sáré dé, omi ń ro lára wọn.

"Ta ló wà lábẹ́ rẹ̀?" ni wọ́n ń bi í.

"Kò sẹ́ni tó farapa," ni bàbá mi wí. "Ṣùgbọ́n a pàdánù ilé ìwẹ̀ méjì."

Nígbà tí mo kúrò nílé ìwé lọ kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà, mo rò pé bàbá mi á yọ yàrá mi kúrò. Ẹ̀gbọ́n mi ló mọ̀wé. Ọdún tó yege ìdánwò, bàbá mi ya fàráńdà fún un. Èmi kò yege nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ooru ọdún yẹn dé, mo gòkè, mo rí i pé yàrá mi ló tóbi jù. Yàrá kékeré kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, ta ló ni èyí?"

"Ọmọ ẹ ni."

"Mi ò ní ọmọ. Mi ò tíì ní ìyàwó pàápàá."

"Ṣé a ti ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni?"

Lọ́dún yìí, bí bàbá mi ṣe máa ń ya ilé náà ló ṣe yà á, ṣùgbọ́n ó ń jókòó sinmi ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní òun kàn ń dán yàrá náà wò ni. Ọ̀sẹ̀ kejì, a gbé e lọ sí ọsibítù.

Wọn kò dáwọ́ ìdúnàádúrà dúró níbẹ̀. Ìyá mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ó dáa," ni bàbá mi wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Màá ya kékeré kan sí títì."

"Kékeré bíi kí ni?"

"Bí orí ẹ."

"Orí mi ò kéré."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi ní orí ẹ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi ní ká máa lọ. Ìyá mi dé ẹnu ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn. "Ẹ yára wá yà á, bíríkìlà."

Ọjọ́ kejì ló ní kí n gbá òkè. Kò délé mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn bíríkìlà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àwọn fẹ́ rí òkè náà. Géńdé mẹ́rìnlá. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n gbé e lọ́wọ́, wọ́n tò gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn gbàgbé, ó fẹ́ gba inú ògiri. Àwọn yòókù fà á ní ẹ̀wù padà. Ìyá mi kò bá wọn gòkè. Ó ní òun ń fọ abọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí n tó lè gbé ìgbálẹ̀. Ìyá mi ń sá aṣọ lágbàlá.

"Níbo lò ń lọ?"

"Òkè, mà. Bàbá ló ní kí n gbá a."

Ó sá aṣọ kan. Ó sá òmíràn.

"Rọra níbi ilé ìdáná," ni ó wí.

Mo gòkè. Àpótí ìyá mi wà láàárín ilé ìdáná náà. Ní ìhà títì, ẹnì kan ti fi ṣọ́ọ̀kì ya fèrèsé. Ìlà méjèèjì wọ́. Ọ̀kan gùn ju èkejì lọ. Bàbá mi kò ya irú ìlà bẹ́ẹ̀ rí, títí kan ìgbà tí ara rẹ̀ kò yá. Mo wo ìhà kejì. Fèrèsé ẹ̀yìnkùlé tí bàbá mi yà ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó ya tuntun kò pa á rẹ́. Ilé ìdáná náà ti wá ní fèrèsé méjì.

Mo jókòó sórí àpótí náà. Lóòótọ́, èèyàn ń rí gbogbo ẹni tó ń kọjá. Ọkùnrin kan ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Obìnrin méjì ń jà sí agboòrùn kan. Ilé ìdáná náà sì fẹ̀. Ẹnì kankan ò sọ fún bàbá mi pé ó fẹ̀.

Òjò ti ń ṣú. Mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀ sí gbá ilẹ̀. Mo gbá ilé ìdáná. Mo gbá yàrá ẹ̀gbọ́n mi, mo gbá tèmi, mo gbá yàrá kékeré. Tí mo bá dé ìdí ìlà, mo máa ń fi ọwọ́ kó ekuru ibẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ. Etí òrùlé kò jìnnà, mo lè dà á dànù láti ibi tí mo dúró sí.

Mo gbá a gba ẹnu ọ̀nà pálọ̀. Mo gbá a gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gbá a dé orí àtẹ̀gùn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí gbá a sísàlẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.