Ọwọ́ Kan Nínú Àpò

Láàárọ̀ yìí, mo tan rédíò àtijọ́ kan tí wọ́n gbé wá fún mi láti tún ṣe. Òórùn eruku tó ń gbóná lára àwọn gílóòbù inú rẹ̀ gbé mi padà sí yàrá wa ní Ajégúnlẹ̀.

Bàbá mi ń ṣe amplifáyà, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, fún onígìtá kan tó máa ṣeré ní Marine Beach nírọ̀lẹ́. Pákó àpótí ẹrù láti wáàfù ló fi kan ara rẹ̀. Bó bá ti ń fi ọwọ́ ọ̀tún kan inú rẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ á wà nínú àpò ṣòkòtò. Mo rò pé yàngà ni, ó sì wù mí, torí kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ náà tó o ládùúgbò wa.

Amplifáyà náà ń kùn bí oyin. Bàbá mi fi í sílẹ̀ láìyọ ọ́ kúrò lára iná, ó lọ mu omi. Ara onígìtá tó jókòó tì wá kò gbà á, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i.

Mo pariwo pé, “Bọ̀dá, ẹ ki ọwọ́ kan bọ àpò! Bí ọ̀gá ṣe ń ṣe é nìyẹn!”

Ó rẹ́rìn-ín. “Madam, I don hear o.” Ó ki ọwọ́ òsì bọ àpò. Kò pẹ́ tó fi lọgun: iná ti gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó sì tì í sẹ́yìn.

Bàbá mi sáré wọlé. Ó wo ọwọ́ tó wà nínú àpò, ó wá wò mí.

“Ta ló sọ fún un?”

“Èmi ni, sà.”

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé iná tó bá gba ọwọ́ kan wọlé, tó fẹ́ gba ìkejì jáde, ọkàn ni yóò gbà kọjá.

Gìtá náà dún dé etí omi nírọ̀lẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, bàbá mi ní kí ìyá mi rán àpò sí apá òsì gbogbo aṣọ mi.