Iná Abẹ́ Jàlàbíà

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Má tún un ṣe.

Nígbà òtútù ní Peckham níbí, nílùú òyìnbó, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ilẹ̀ ti ń ṣú. Kẹ̀kẹ́ ni mo ń gùn lọ kí ìrun Màgíríbì. Orúnkún mi ò fẹ́ ìrìn, èmi náà ò fẹ́ dúró de bọ́ọ̀sì. Ìyá rẹ, ọmọ tí mo bí, ní bí òun bá tún rí mi lórí kẹ̀kẹ́ láìsí iná, òun á gbé e fún àwọn tó ń kó irin. Kì í fẹnu lásán sọ̀rọ̀. Ó ti gbé tẹlifíṣọ̀n mi dànù rí.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ń tajà pàtẹ iná síwájú mi bí ata. Funfun kan wà níbẹ̀, bí mo bá gbé e síwájú, àwọn tó ń bọ̀ á rò pé ọjọ́ àjíǹde ti dé. Mo mú èyí tó kéré. Fún ẹ̀yìn, mo mú pupa tó ń ṣẹ́jú, èyí tó le jù. Ó so ó mọ́ abẹ́ ìjókòó. Ó fi rìfílẹ́tọ̀ há ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, èyí tó ń dán bí ojú ológbò. Mo jáde bíi gómìnà.

Lọ́jọ́ kejì, mọ́tò kan ń fọn fèrè lẹ́yìn mi. Mo ní kó kọjá. Kò kọjá. Mo dúró. Ìyá rẹ ni.

"Daddy, iná tí ẹ rà dà?"

"Ó ń tàn lẹ́yìn mi."

"Ẹ̀yìn wo? Dúdú ni mò ń wò látìgbà yìí!"

Mo sọ̀kalẹ̀. Jàlàbíà mi dúdú ti bo iná náà pátápátá. Mo ká a sókè, iná ń ṣẹ́jú. Ìdí mi nìkan ni mo ti ń tanná fún.

Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi forí lé sítíárìn.

Mo ní, "Iná ṣáà wà. Ọlọ́run rí i."

"Ọlọ́run kọ́ ló ń wa bọ́ọ̀sì, Daddy. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ wá."

Mo di kẹ̀kẹ́ mú. A jọ fà á díẹ̀, àwọn èèyàn ń wò wá. Ìgbà tó yá, ó ní kí n gbé jàlàbíà wá dípò rẹ̀. Ó rán tépù tó ń dán mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀nà méjì, bíi ti àwọn tó ń gbẹ́ títì.

Ẹni tó ń kírun lẹ́yìn mi ní mọ́sálásí ti fẹjọ́ mi sùn. Ó ní bí mo bá ti tẹ̀ ba, ẹ̀yìn mi á dán sí òun lójú, òun ò ní mọ iye ràkáà tí òun ti kí mọ́. Mo ní kó máa tètè dé, kó dúró níwájú mi.

Kẹ̀kẹ́ mi ṣì wà ní kọ́rídọ̀ ilé.