Nígbà Tí Mo Dojú Bolẹ̀ Nínú Ọkọ̀ Wa

Mo rò pé gíláàsì iwájú takisí mi ló dọ̀tí. Mo ń gbé èrò kan bọ̀ láti pápákọ̀ òfurufú lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ni mo bá rí i bíi pé ẹnì kan ta aṣọ dúdú sókè ojú òsì mi. Mo tan wáípà, mo da omi sí i, aṣọ náà ò kúrò. Nígbà tí mo fi máa já ọkùnrin náà sílẹ̀ ní Laurelton, àdúgbò kan níbí ní Amẹ́ríkà, aṣọ náà ti sọ̀ kalẹ̀ gan-an. Mo fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún láti dán òsì wò, mi ò rí ju bàtà ọkùnrin náà lọ.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà obìnrin kan ṣàlàyé fún mi pé awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà ní ẹ̀yìn ẹyinjú, òun ló ń gba ìmọ́lẹ̀. Tèmi ti ṣí kúrò níbi tó lẹ̀ mọ́. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì fa gáàsì kan sínú ojú náà kó lè máa ti awọ yẹn mọ́ àyè rẹ̀ títí yóò fi lẹ̀ padà. Gáàsì a máa lọ sókè ni. Torí náà, mo ní láti máa dojú bolẹ̀ tọ̀sán-tòru kó lè máa ti ẹ̀yìn ojú. Mo lè jẹun, mo lè lọ tọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni ojú mi gbọ́dọ̀ máa wò. Ìkìlọ̀ kejì ni pé mi ò gbọdọ̀ wọ bàálù títí gáàsì yẹn yóò fi tán, nítorí yóò wú sí i lókè òfurufú, yóò sì fọ́ ojú náà pátápátá. Ìyàwó mi ní kí dókítà tún un sọ, ó sì tún un sọ. Èmi ò tiẹ̀ ka ti bàálù sí. Ibo ni mo fẹ́ bá bàálù lọ?

Nọ́ọ̀sì bi wá níbi tí à ń gbé. Ìyàwó mi dáhùn pé Cambria Heights ni. Kò sọ fún un pé inú ọkọ̀ ni.

RV ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ níbí: ọkọ̀ gbọọrọ tó ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù, fìríìjì àti ilé ìtọ̀ tóóró kan nínú. Nígbà tí àwọn ìbejì wa parí ilé ìwé tí wọ́n sì kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, tí onílé tún fi kún owó ilé, èmi ni mo dá a lábàá pé ká kó jáde, ká ra ọkọ̀ yìí, ká máa fi yí Amẹ́ríkà ká títí a ó fi padà sílé. A ò yí ibì kankan ká. Iṣẹ́ ò jẹ́. Ìyá àgbà ọmọ Haiti kan tí ìyàwó mi tọ́jú ọkọ rẹ̀ títí ó fi kú ló ní ká gbé ọkọ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé òun, a sì fa wáyà iná gba ojú fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀.

Òkè orí ìjókòó dírẹ́bà ni bẹ́ẹ̀dì wa wà, àkàbà la fi ń gùn ún. Mi ò lè gun àkàbà. Ìyàwó mi tẹ tábìlì ìjẹun wálẹ̀, ó tẹ́ fóòmù lé e, ó ká aṣọ ìnura bí òṣùká, ó sì gbé e sí etí ibẹ̀ kí n lè gbé iwájú orí lé e kí imú mi sì ráyè mí. Láti ibẹ̀, ilẹ̀ ọkọ̀ nìkan ni mo mọ̀: ìtẹ́lẹ̀ onírọ́bà tí wọ́n yà bíi pákó, ibi tó ti ya nídìí sítóòfù, àti ẹsẹ̀ ìyàwó mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo fi ń mọ bí ọjọ́ ṣe rí fún un. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé tí kò bọ́ ìbọ̀sẹ̀, tó kàn dúró sójú kan, mo mọ̀ pé kò yẹ kí n béèrè oúnjẹ.

Òtútù ti dé nígbà yẹn. Òjò a máa rọ̀ lórí páànù bí ìgbà tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń forí kanlẹ̀ níwájú Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ẹni tó forí kanlẹ̀ a máa dìde. Èmi ò dìde. Mo ń kírun lórí ìdùbúlẹ̀, mo ń ṣàmín, mo sì tún wà bákan náà.

Ní ọjọ́ kan, àgbá ìdọ̀tí tó wà lábẹ́ ọkọ̀ kún. Èmi ni mo máa ń wa ọkọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń dà á nù, ìyàwó mi ò sì mọ ọkọ̀ wà. Mo gbọ́ tó ń wá korobá.

"Ìyá Ìbejì, kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo ti tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá àgbà. Mo fẹ́ máa dà á sí ilé ìtọ̀ wọn."

"Fi sílẹ̀, jẹ́ kí n dìde."

"Kẹ́ ẹ dìde ṣe kí ni? Ẹ dùbúlẹ̀ síbẹ̀, Bàbá Ìbejì."

Ó lọ, ó bọ̀, ó lọ, ó bọ̀. Òórùn gba inú ọkọ̀. Nígbà tó parí, ó wẹ̀, ó sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi. Mo rí omi tó ń kán sílẹ̀ nítòsí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá omi ìwẹ̀ ni tàbí omijé. Mi ò bi í.

Ìyá mi wà ní Abẹ́òkúta lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń pè é kí n lè rí ojú rẹ̀. A ò sọ fún un pé wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Mo kàn ń sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, mo sì pa kámẹ́rà. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n mi pè mí.

"Àbúrò mi, Màmi ò jẹun mọ́. Máa bọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò lè wọ bàálù báyìí." Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un.

"Gáàsì? Nínú ojú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ṣebí ojú méjì lo ní." Ó pa fóònù.

Mo ní kí ìyàwó mi bá mi wá tíkẹ́ẹ̀tì. Ó kúnlẹ̀ kí n lè rí ojú rẹ̀.

"Ẹ fẹ́ lọ fọ́jú?"

"Ìyá mi ni."

"Mo mọ̀ pé ìyá yín ni. Ìyá tèmi náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ pe dókítà."

Dókítà ní gáàsì náà ṣì pọ̀ jù nínú ojú. Ó ní kí n má dán an wò rárá.

Ní ọ̀sán kan tí ìyàwó mi wà níbi iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi tún pè. Ó ní Màmi fẹ́ rí mi. Mo gbé fóònù sílẹ̀ lábẹ́ ojú mi, mo tan kámẹ́rà.

"Kí ló dé tó o dorí kodò báyẹn?" Ohùn ìyá mi ti rẹ̀ wálẹ̀. "Gbójú sókè kí n rí ọ."

Mo dìde jókòó. Mo fi ẹ̀yìn ti fìríìjì, mo gbé fóònù sókè kó lè rí mi dáadáa. Ọrùn mi ń dùn mí. Nínú ojú òsì, gáàsì yẹn ń mì bí omi nínú ife tí wọ́n gbé rìn.

"O ti rù," ló wí.

"Ẹ̀yin lẹ rù, Màmi."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó béèrè òtútù, ó béèrè àwọn ìbejì, ó béèrè bóyá ìyàwó mi ń fún mi lóúnjẹ. Lẹ́yìn náà, kò béèrè nǹkan kan mọ́, ó kàn ń wò mí. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n padà dojú bolẹ̀. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀ títí fóònù fi yí sókè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, tí mo wá ń wo fáànù àjà, tí mo sì ń gbọ́ tó ń sọ fún Màmi pé kí wọ́n sinmi.

Màmi kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀, bí àwa Mùsùlùmí ṣe ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ò pa fóònù ní gbogbo àkókò náà. Mo dojú bolẹ̀, mo ń gbọ́ ohùn àáfà, mo ń gbọ́ ṣọ́bìrì. Ìyá àgbà ọmọ Haiti tó ni ilé náà wọlé wá, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa wọ inú ọkọ̀ náà nìyẹn. Sílípáàsì onírun rẹ̀ ni mo fi mọ̀ ọ́n. Ó gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn.

"Nígbà tí ìyá tèmi kú," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "Amẹ́ríkà níbí ni mo wà."

Ó jókòó tì mí títí ìyàwó mi fi dé.

Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ dókítà, ó ní awọ yẹn ti tún ṣí. Wọ́n tún iṣẹ́ abẹ náà ṣe, wọ́n rọ irú òróró kan sínú ojú náà dípò gáàsì, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ lásán ni ojú náà ń rí báyìí, kò dá ènìyàn mọ̀ mọ́. Mo béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá torí pé mo gbé orí sókè ni. Ó ní ó máa ń ṣe àwọn tí kò gbé orí sókè rí pàápàá. Òun ò lè sọ pé gbígbé orí sókè ló fà á, òun ò sì lè sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti sọ fún ìyàwó mi pé mo dìde jókòó lọ́jọ́ tí Màmi fẹ́ rí mi. Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí a ó ti sọ̀, ó kọjú sí mi.

"Ṣé Màmi rí yín dáadáa?"

"Wọ́n rí mi."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Mi ò gbé èrò mọ́. Ọkùnrin kan láti Port Richmond ló ra RV náà. Ní ọjọ́ tó wá wà á lọ, ìyàwó mi ò jáde wò ó. Yàrá abẹ́ ilé kan ní Laurelton la wà báyìí, ó móoru, ó sì ṣókùnkùn.

Lẹ́yìn ìgbà tí dókítà ní mo lè wọ bàálù ni mo lọ sí Abẹ́òkúta. Wọ́n ti rẹ́ sàréè náà, wọ́n ti kùn ún lọ́dà. Ẹ̀gbọ́n mi dúró tì mí nígbà tí mo ń ṣàdúà, ó sì wo ojú mi títí.

"Mo bínú sí ọ," ló wí nígbà tí a padà dé ìta ilé. "Mo ń sọ fún àwọn ènìyàn pé o ò fẹ́ wá ni."

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Inú mi ò tíì rọ̀ tán."

"Mo gbọ́, mà."

Ó wọlé lọ gbé oúnjẹ wá. Ó kọ́kọ́ fẹ́ gbé e sí apá òsì mi, ó sì wá gbé e sí apá ọ̀tún, níbi tí mo ti lè rí i.