Ẹ̀gbọ́n Mi Lábẹ́ Igi Fúrúùtù

Òórùn tùràrí ni mo fi ń mọ òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi nígbà náà. Ara aṣọ funfun bàbá mi ló ti máa ń jáde, bí ó ti ń na án sórí bẹ́ẹ̀dì nínú fúláàtì wa ní Festac. Lẹ́yìn náà, gbogbo wa á rìn láìwọ bàtà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́bàá kánáàlì.

Igi fúrúùtù ńlá kan wà níta ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù máa ń jókòó, nítorí òfin ìjọ kò gbà wọ́n láyè láti wọlé. Àwa ọmọdé kì í béèrè ìdí.

Mo pẹ́ kí n tó wọ ilé ìwé. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi ní Ìjẹ̀bú ni mo wà. Ọwọ́ mi ti kan etí, ó ti kọjá etí, kí wọ́n tó mú mi wá sí Èkó. Bàbá Kíláàsì ni wọ́n ń pè mí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Fọlákẹ́, ló ń kọ́ mi ní ìwé kíkà ní bákónì. "Tètè kà á kí irùngbọ̀n tó hù," á wí, á sì rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ ìgbà kan wà nínú oṣù tí ẹ̀rín yẹn máa ń pòórá. Inú rẹ̀ á wú, orí á máa fọ́ ọ, ọ̀rọ̀ kékeré á di ẹkún. Á ju ìwé mi sílẹ̀, á ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Bàbá mi, akọ̀wé ìjọba tí kì í fẹ́ ariwo, mú un lọ bá wòlíì ìjọ wa. Wòlíì ní ẹ̀mí ìbínú ni, ó sì fún un ní ààwẹ̀. Ebi á tún wá bá a fínra. Tó bá ṣe díẹ̀, ara rẹ̀ á balẹ̀, bàbá mi á sì jáde dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ìjọ á pàtẹ́wọ́, èmi náà á pàtẹ́wọ́. Lóṣù tó bá tẹ̀ lé e, ẹ̀mí ìbínú á tún dé.

Lọ́dún tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde, wòlíì ní kí wọ́n mú un lọ máa gbé ní ilé àdúrà kan létí òkun, títí ẹ̀mí náà yóò fi lọ pátápátá. Bàbá mi gbà. Ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Àǹtí Fọlákẹ́ kò sunkún nígbà tó gbọ́. Ó kàn wọ kíṣìnì, níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà, ó ní, "Mọ́mì, ó wù mí kí n sùn, kí n má jí mọ́."

Ìyá mi pa sítóòfù. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti jogún àìsọ̀rọ̀ púpọ̀ tèmi. "Àìsàn ló ṣe é wò, kò sẹ́ni tó rí tọlọ́jọ́ ṣe," ló máa ń wí. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, ó mú àwa méjèèjì, ó di ilé ìwòsàn.

Dókítà, obìnrin kan, béèrè ìgbà tí nǹkan náà máa ń dé àti ìgbà tó máa ń lọ. Ìyá mi ronú títí. Ó ní ìgbà tí wọ́n bá ti ń dúpẹ́ lórí rẹ̀ ni ó máa ń lọ. Lẹ́yìn náà ló wo ojú ọmọ rẹ̀.

Dókítà ní ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń mọ̀ ọ́n lára kí nǹkan oṣù tó dé. Tó bá mọ níwọ̀n, oúnjẹ déédéé, ìrìn rírìn, dídín iyọ̀ kù àti oorun tó dára lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Ààwẹ̀ kò sí níbẹ̀. Tó bá ti ń dá iṣẹ́ tàbí ìwé ẹni dúró, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹni tó bá sì ti ń sọ pé òun kò fẹ́ jí mọ́, kí ará ilé rẹ̀ má ṣe fi dọ̀la.

Nígbà tí Ọjọ́ Ìsinmi pé, ara Àǹtí Fọlákẹ́ ti balẹ̀. Bàbá mi jáde síwájú pẹpẹ láti dúpẹ́, kí ó sì kéde ìrìn àjò etí òkun. Ìyá mi dìde.

"Bàbá Wòlíì, ẹ dákun, gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń dúpẹ́ lórí ọmọ mi, níbo ló máa ń wà?"

Ó nawọ́ sí ojú fèrèsé.

"Abẹ́ igi ni. Nǹkan oṣù rẹ̀ ló máa ń dé. Ohun tó ń ṣe é máa ń ṣáájú rẹ̀ wá, tó bá sì dé tán, á lọ fúnra rẹ̀. Ẹ ò lé ẹ̀mí kankan."

Wòlíì ní a kì í dárúkọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ilé Ọlọ́run. Ìyá mi ní ojú kò ti Ọlọ́run tó dá a. Ó jáde, ó lọ jókòó ti ọmọ rẹ̀.

Bàbá mi bínú títí. Àmọ́ Àǹtí Fọlákẹ́ kò lọ sí etí òkun; ó lo oògùn tí dókítà fún un, ó ṣe ìdánwò rẹ̀, ó yege.

Ní báyìí, èmi náà ti di bàbá, ìyàwó mi sì ti kú. Èmi àti Tòmíwá, ọmọ mi obìnrin, ló kù nílé, nǹkan yìí sì ń bá òun náà fínra. Èmi ni mo ń ra páàdì rẹ̀ ní Apple Junction. Tí ọlọ́jà bá ń wá ọ̀rá dúdú tó fẹ́ fi bò ó, mo máa ń ní kó gbé e fún mi bẹ́ẹ̀. Alàgbà kan ní ọ̀rọ̀ ọkùnrin kọ́ nìyí, kí n mú un wá fún ìtúsílẹ̀. Mo ní a ti rí dókítà.

Bàbá Kíláàsì tó ń pàtẹ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn kò wo ojú fèrèsé rí. Èmi tòní ń wò ó. Ẹni tó bá tún ní kí ọmọ mi jókòó síta, kó gbé àga méjì, kí ọ̀kan jẹ́ tèmi.