Okùn Sitirọ́bẹ́rì Màmá Jọ́ọ̀sì

Àárọ̀ tí mo rí i pé gbogbo ọmọ sitirọ́bẹ́rì tí mo gbìn ti rọ, ṣe ni mo jókòó sílẹ̀. Iṣẹ́ ọgbà ni mò ń ṣe fún Màmá Jọ́ọ̀sì ní Ṣakí. Jọ́ọ̀sì ni wọ́n gbé títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé èso pupa yìí bọ̀, orúnkún wọn ò sì gba ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn ìyá èso náà ti gbó, wọn ò fẹ́ so mọ́. Bí àwọn ọmọ ò bá mú kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé, ó parí nìyẹn.

"Ìyá Àìṣá, kí lo ṣe fún wọn?" Màmá bi mí.

"Mo gé okùn tó so wọ́n mọ́ ìyá wọn, mà, mo kó wọn síbi òjìji di ọjọ́ kejì, mo wá kọ ebè gbìn wọ́n. Bí ìyá ọkọ mi ṣe ń ṣe ọ̀dùnkún n'Ípàpó nìyẹn."

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ọ̀dùnkún lo pè é?"

Mi ò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Okùn ọ̀dùnkún, ẹ jù ú sẹ́yìn ilé, yóò hù. Kí ló ń ṣe èyí?

Wọ́n wá okùn méjì tí mi ò tíì gé, wọ́n gbé ọmọ orí wọn lé inú agolo mílíìkì tí a rọ iyẹ̀pẹ̀ sí. "Fi í sílẹ̀ lára ìyá ẹ̀. Ọmú ló ń mu."

"Báwo ni n ó ṣe mọ̀gbà tí n ó já a lẹ́nu ọmú?"

"Rọra fà á. Bó bá ti di ilẹ̀ mú, ó tó."

Àwọn yẹn mú, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé wọn. Ni Màmá bá ní kí n hú àwọn ìyá dànù, kí wọ́n má baà kó àrùn ran àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà dà rú mọ́ mi lójú. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọ́mọ lọ́mú lánàá? Mo hú wọn, àmọ́ mo gbin ọ̀kan sínú bàsíà fífọ́ lẹ́yìn balùwẹ̀.

Màmá rí i.

"Ta ló gbin èyí?"

"Èmi ni, mà."

"Kí ló fẹ́ so?"

"Mi ò mọ̀, mà."

Mo ń retí kí wọ́n ní kí n dà á nù. Wọ́n rọra bẹ̀rẹ̀, wọ́n fìka gbá iyẹ̀pẹ̀ kúrò láàárín ewé rẹ̀.

"Má bò ó lórí bí iṣu," ni wọ́n wí. "Yóò jẹrà. Lọ bomi wá."