Àwọn Eṣinṣin Tó Na Ìyẹ́ Sókè Lójú Fèrèsé

Ilé tí èrò kún bí inú bọ́ọ̀sì ni Motúnráyọ̀ ń gbé ní Nunhead, ní Lọ́ńdọ̀nù; kó tó wẹ̀, á tò sórí ìlà. Níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Kennington, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, agogo ìpè kì í sinmi. Ìdí nìyí tó fi fẹ́ràn Sátidé bí ojú. Òun ló ń tún ṣọ́ọ̀ṣì wọn ṣe, ilé ìkẹ́rù àtijọ́ kan lẹ́yìn Rye Lane, ọwọ́ rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Á máa nu ilẹ̀, á máa kọrin tó bó ṣe fẹ́, láìsí ẹni tí yóò ní kó rọra.

Sátidé kan nínú oṣù Kẹsàn-án, ó dé yàrá àwọn ọmọdé, ló bá rí eṣinṣin lójú fèrèsé. Eṣinṣin kì í wọ́n níbẹ̀, ilé ẹlẹ́ja ló wà lẹ́yìn ògiri. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí ti kú, síbẹ̀ wọn ò jábọ́! Wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì lókè téńté, wọ́n na ìyẹ́ sókè bí ẹni ń yin Olúwa, pọ́dà funfun sì yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká.

Ibi tó ti ń wò wọ́n ni Àǹtí Adédoyin, olùkọ́ àwọn ọmọdé, ti wọlé bá a.

“Motún! Pọ́dà apakòkòrò lo dà síbi tí àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń jókòó?”

“Èmi kọ́ o, Àǹtí. Bí mo ṣe bá a nìyẹn.”

“Àbí eṣinṣin ló lọ ra pọ́dà fúnra ẹ̀? Ìwọ nìkan ló ń ṣí ibí. Ó yá, mú kọ́kọ́rọ́ wá.”

Ibí yìí nìkan ni ibi ìsinmi tí Motúnráyọ̀ ní ní gbogbo Lọ́ńdọ̀nù. Bó ṣe ń na kọ́kọ́rọ́, ó tajú kán rí eṣinṣin kan lórí tábìlì. Ààyè ni, ṣùgbọ́n ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, ikùn rẹ̀ sì wú. Wéré, ó fi ife gíláàsì dé e mọ́lẹ̀.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó tì í. Bí òun náà bá kú bẹ́ẹ̀, tí pọ́dà yí i ká nínú ife, ṣé ẹ ó gbà pé èmi kọ́?”

“Ìwọ ọmọ yìí! Èmi ni kí n wá máa ṣọ́ eṣinṣin?” Ṣùgbọ́n wọ́n jókòó.

Bí oòrùn ṣe ń wọ̀, eṣinṣin náà bẹ̀rẹ̀ sí gun ife. Ó débi tó ga jù, ó na ẹnu jáde, ẹnu lẹ̀ mọ́ gíláàsì pinpin. Ó jà títí, kò já. Ni ìyẹ́ bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ṣí agbòjò.

“Sọ̀ kalẹ̀ jàre!” ni Àǹtí Adédoyin ń wí fún un. “Ẹlẹ́dàá mi! Motún, ta ló ń wà á?”

“Àfi bí ọkọ̀ tí wọ́n ti gba sítíárìn lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà, Àǹtí.”

Àǹtí Adédoyin fúnra wọn ló ti yàrá náà pa, wọ́n sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ sílé. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, Motúnráyọ̀ ti dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ṣílẹ̀kùn. Nínú ife, pọ́dà funfun ti yí eṣinṣin ká roboto!

Àǹtí Adédoyin wo ife, wọ́n wo Motúnráyọ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Má bínú, ọmọ mi. Gba kọ́kọ́rọ́ ẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ òkú eṣinṣin ni mo gbé kọ́ ẹ lọ́rùn.”

Kí ìwàásù tó parí, Àǹtí ti wá ohun tó fà á rí lórí fóònù. Ìbátan olú tí à ń jẹ ni! Hóró rẹ̀ tí ojú ò lè rí á bà lé eṣinṣin, á wọnú, á máa jẹ ẹ́ láti inú. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó pa á, á darí ẹni ẹlẹ́ni lọ sókè, á lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀, á gbé ìyẹ́ kúrò lọ́nà, kó lè ráyè yìn hóró tuntun bí ọta ìbọn sára eṣinṣin mìíràn. Pọ́dà nìyẹn o! Kò sì kan ènìyàn.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Motúnráyọ̀ kò tíì nu yàrá kan tán tí wọ́n fi ń kan ilẹ̀kùn gbàgbà. Àǹtí Adédoyin ni, ife kún inú ọ̀rá lọ́wọ́ wọn, ọmọ ìjọ mẹ́rin tẹ̀ lé wọn.

“Ṣé àwọn eṣinṣin ti ń gòkè?”

Motúnráyọ̀ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n lè wọlé. Sátidé ìdáwà ti dópin, kò sì dùn ún rárá.